Dídán Ríìmù Alumíníọ̀mù àti Ìbéèrè Ohun tí Ó Yẹ ní Nínù Kúrò

Iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ènìyàn kà sí kékeré a máa gbé ìbéèrè ńlá pamọ́ sínú, ìtọ́jú ríìmù alumíníọ̀mù tí a ti dán títí tí ó fi ń kọ mànà sì jẹ́ ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ríìmù ni agbo líle tí táyà ọkọ̀ máa ń wọ̀ sí lára, alumíníọ̀mù sì ni mẹ́tàlì funfun fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn lóde òní. Ẹni tí ó mú aṣọ àti pọ́líìṣì, tí ó ń fi wọ́n ra ojú ríìmù rẹ̀, gbà pé ìdọ̀tí ni òun ń nù kúrò kí ojú rẹ̀ tòótọ́ lè hàn. Ǹjẹ́ òótọ́ ni ohun tí ó gbà yẹn? Nígbà tí ojú ohun kan bá ṣú, báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ èyí tí ó jẹ́ ìdọ̀tí yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ awọ ara rẹ̀, kí ó tó gbé kànrìnkàn lé e? Ó ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún dáadáa tí àwọn ẹlẹ́sìn àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń fi mẹ́tàlì dídán ṣe àpèjúwe ọkàn ènìyàn, ṣùgbọ́n mẹ́tàlì tí ó wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe àpèjúwe náà kì í ṣe alumíníọ̀mù, ìyàtọ̀ yìí kò sì kéré rárá.

Alumíníọ̀mù kì í ṣe ohun tí àwọn baba ńlá ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí mẹ́tàlì tí ó pọ̀ tó o nínú erùpẹ̀ àti òkúta orí ilẹ̀ ayé, ó so mọ́ ọ́síjìn, ìyẹn ẹ̀yà afẹ́fẹ́ tí ó ń mú iná jó tí ó sì ń mú ènìyàn wà láàyè, lọ́nà tí ó le débi pé kò sí alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ kankan tí ó rí i lójú. Ọdún 1825 ni Hans Christian Ørsted, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, tó yọ díẹ̀ jáde, ó sì di 1886 kí Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní ilẹ̀ Faransé, tí ẹnì kan kò mọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe, tó rí ọ̀nà láti fi iná mànàmáná yọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí ó wọ ilé ìdáná àti òpópónà. Bugatti lo ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fi alumíníọ̀mù dà fún ọkọ̀ eré ìje Type 35 ní 1924, ilé iṣẹ́ Alcoa ní Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi alumíníọ̀mù lílù ṣe ríìmù fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ní 1948. Nítorí pé ìwúwo rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo irin lọ, ó ń fi kún ẹrù tí ọkọ̀ lè rù. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ akẹ́rù tí ọkọ̀ jẹ́ tiwọn ní Amẹ́ríkà rí ohun mìíràn nínú rẹ̀, wọ́n kọ̀ láti kùn ún, wọ́n ń dán ìhòòhò rẹ̀ bíi dígí, ìfẹ́ wọn sí iṣẹ́ yìí sì pọ̀ débi pé ní Walcott, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ìdíje ẹwà ọkọ̀ akẹ́rù ti di ohun ọdọọdún.

Ìhòòhò tí a dárúkọ yìí ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ríìmù alumíníọ̀mù tí ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kékeré ni wọ́n ti fi fáníìṣì aláìláwọ̀ bò láti ilé iṣẹ́, fáníìṣì náà sì ni ènìyàn ń fọ̀, kì í ṣe mẹ́tàlì. Ọ̀nà tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi ń dá wọn mọ̀ rọrùn: wọn a fi pọ́líìṣì díẹ̀ ra ibi kọ́lọ́fín kan lára ríìmù, bí aṣọ bá dúdú, mẹ́tàlì ní ìhòòhò ni, bí aṣọ kò bá dúdú, fáníìṣì ni ó wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa rà á mọ́. Àmì kékeré yìí, ìyẹn dúdú tí ó wà lára aṣọ, ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àròkọ yìí dá lé lórí.

Ohun tí ó máa ń wá sọ́kàn ni pé ìdọ̀tí ojú ọ̀nà ni dúdú náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ènìyàn lè fi ọṣẹ àti omi fọ ríìmù náà títí omi ìfọ̀ rẹ̀ fi mọ́ gaara, kí ó gbẹ ẹ́, kí ó tún fi aṣọ funfun tuntun àti pọ́líìṣì rà á, aṣọ náà yóò sì dúdú lójú ẹsẹ̀. Alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ ni, èyí tí iyẹ̀ líle inú pọ́líìṣì ti gé wẹ́wẹ́ débi pé kò lè tan ìmọ́lẹ̀ padà mọ́, tí ó sì wá rí bí èédú. Ìyẹn ni pé funfun tí ó wà lójú ríìmù àti dúdú tí ó wà lára aṣọ jẹ́ ohun kan náà, ọ̀kan tẹ́jú, èkejì fọ́ túútúú. Ẹni tí ó ń dán ríìmù ń mú lára ríìmù lọ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń dán an; bí ó ti wù kí ó kéré tó, ohun tí ó lọ kò ní padà.

Ohun kejì tún wà tí ó ya ènìyàn lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní kété tí pọ́líìṣì bá ti ṣí ojú alumíníọ̀mù sílẹ̀, kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ yóò ti so mọ́ ọn, yóò sì ti di awọ tín-ín-rín bò ó. Bí a bá mú mìlímítà mẹ́rin tí a sì pín in sí ọ̀nà 1,000,000, ìpín kan nínú rẹ̀ ni nǹkan bí ìnípọn awọ náà. Kò ní àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá wọlé àti jáde, ohun kan náà tí ó sì fi ara rẹ̀ dá ni òkúta olówó iyebíye tí a ń pè ní sáfírè àti rúbì fi ara wọn dá. Líle rẹ̀ àti bí ó ṣe dì mọ́ ara mẹ́tàlì náà pinpin ni kì í jẹ́ kí ọ́síjìn wọ inú lọ sí i. Ìparí ọ̀rọ̀ náà ni pé kò sí ènìyàn kan tí ó tíì fi ojú rí alumíníọ̀mù ní ìhòòhò lójú afẹ́fẹ́ rí ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá yẹn lọ; ohun tí gbogbo ayé ń pè ní dídán alumíníọ̀mù jẹ́ dídán tí a ń rí láti inú awọ rẹ̀.

Irin, ìyẹn mẹ́tàlì Ògún, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi àti ọ́síjìn bá kan irin, ìpẹtà ni ó ń yọrí sí, ìpẹtà sì máa ń fẹ̀ ju irin tí ó ti ara rẹ̀ wá lọ, ó ń wú, ó ń sán, ó ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì ń la ọ̀nà fún omi láti dé irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, títí tí ọkọ́ tí ó mú yóò fi di ìrántí. Ìpẹtà irin ń jẹ irin. Awọ alumíníọ̀mù ń ṣọ́ alumíníọ̀mù. Ọ́síjìn kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà, ohun tí ó sì ń pa ọ̀kan ni ó ń dá ẹ̀mí èkejì sí.

Ó wá tó àkókò láti yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn wò. Nínú ìwé Ẹ́kísódù, orí 38, a kà pé dígí àwọn obìnrin tí ó ń sìn lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ni wọ́n fi ṣe agbada ìwẹ̀nù àwọn àlùfáà, èyí tí ó fi hàn pé idẹ ni dígí ìgbà náà, tí a dán títí tí ó fi ń gbé àwòrán. Dígí irú èyí ni Pọ́ọ̀lù ní lọ́kàn nígbà tí ó kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ìlú tí idẹ rẹ̀ lókìkí, pé ohun tí ènìyàn ń rí nísinsìnyí ṣókùnkùn. Nínú Al-Kùránì, Súrà 83 ẹsẹ 14, a sọ nípa àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti di ìpẹtà bo ọkàn wọn, ọ̀rọ̀ kan tí onímọ̀ ẹ̀sìn al-Bayhaqī sì ròyìn láti ọ̀dọ̀ Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣàlàyé pé ọkàn ń dípẹtà bí irin ṣe ń dípẹtà nígbà tí omi bá kàn án, àti pé kíké Al-Kùránì àti rírántí ikú ni ohun tí a fi ń dán an.

Al-Ghazālī, àgbà onímọ̀ tí ó kú ní 1111, gbé àpèjúwe yìí lọ jìnnà ju ẹnikẹ́ni lọ. Nínú ìtàn tí ó sọ, ọba kan pín iyàrá kan sí méjì fún àwọn ayàwòrán ará Róòmù àti àwọn ará Ṣáínà, ó sì ta aṣọ sí àárín wọn. Àwọn ará Róòmù fi oríṣiríṣi ọ̀dà ya àwòrán sí ògiri tiwọn, àwọn ará Ṣáínà kò sì ya nǹkan kan, dídán ni wọ́n ń dán ògiri tiwọn, títí tí ó fi di ọjọ́ tí wọ́n ká aṣọ kúrò, tí gbogbo àwòrán ìhà kìíní sì hàn lára ògiri ìhà kejì, tí ó tún rẹwà ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Jalāl al-Dīn Rūmī, tí ó kú ní 1273, tún ìtàn náà sọ nínú ìwé Mathnawī, àmọ́ ó pààrọ̀ àwọn oníṣẹ́ méjèèjì, ó sọ àwọn ará Róòmù di àwọn tí ń dán ògiri. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn: ìmọ̀ Ọlọ́hun kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kó jọ sínú ọkàn, ohun tí ń fara hàn nínú ọkàn ni nígbà tí a bá ti nu ohun tí ó bò ó kúrò.

Ẹ̀sìn Búdà ní Ṣáínà sì ní ìjiyàn tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ìwé tí wọ́n ń pè ní Sútrà Orí Pẹpẹ sọ nípa àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjì tí olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kọ ohun tí òye wọn jẹ́. Shenxiu kọ ọ́ pé ọkàn dà bí dígí dídán tí ó yẹ kí a máa nù lójoojúmọ́ kí eruku má baà bà lé e. Huineng, ẹni tí ó ń gún ìrẹsì lẹ́yìnkùlé tí kò sì mọ̀wé kà, dá a lóhùn pé kò sí dígí kankan níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, níbo wá ni eruku yóò bà lé? Huineng ni olùkọ́ náà gbé oyè lé lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti ń bi ara wọn bóyá nínù ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ ọkàn, tàbí mímọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kò sí ohun tí a ń nù.

Bí ènìyàn bá to àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ, yóò rí i pé ohun kan ni gbogbo wọn gbà láìjiyàn, àti Huineng tí ó jiyàn pàápàá: ohunkóhun tí ó bá bo ojú mẹ́tàlì jẹ́ àjèjì sí i, ọ̀tá rẹ̀ sì ni. Irin àti idẹ ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ náà sì tọ̀nà fún irin. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ pé alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe dígí ní Kọ́ríńtì tàbí ní Baghdad ni, ìbá ti di dandan kí wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè tí wọn kò bi: ǹjẹ́ gbogbo ohun tí ó bo ọkàn ni ìpẹtà? Kò ha lè jẹ́ pé ìbòjú kan wà tí ọkàn fúnra rẹ̀ hù nígbà tí ayé kàn án, tí kì í dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́, tí ó sì jẹ́ pé òun gan-an ni kò jẹ́ kí ayé jẹ ọkàn náà dé ìdí? Ìtìjú wà lára irú ìbòjú bẹ́ẹ̀, ìkóra-ẹni-níjàánu wà níbẹ̀, ìṣọ́ra tí ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí màbo ń ṣe kí ó tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Oníwàásù tí ó bá ka gbogbo ìwọ̀nyí sí ìpẹtà, tí ó sì ń fi ìbáwí ra ọmọ ìjọ rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kò ní ṣàìrí dúdú lára aṣọ, yóò sì máa yọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, nígbà tí ó jẹ́ pé ènìyàn náà gan-an ni ó ń jáde.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ojú tí a fi ń wo dídán jìn ju nínù lásán lọ. Robert Farris Thompson, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ọmọ Amẹ́ríkà, kọ àròkọ kan ní 1973 lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ère, ó sì ka dídán mọ́ ara ohun tí àwọn tí ó mọ ọnà fi ń wọn ère tí ó dára. Lọ́wọ́ agbẹ́gilére, dídán ni ó ń kẹ́yìn iṣẹ́: lẹ́yìn tí àáké ti gé ìrísí, tí ọ̀bẹ sì ti fín ojú àti ìlà, ewé ìpín, ewé kan tí ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí ahọ́n ológbò, ni a fi ń dán an kí ara ère lè jọ̀lọ̀. Agbẹ́gilére mọ̀ pé igi ni ewé náà ń jẹ, bí ó bá sì dán an kọjá ààlà, ìlà ojú ère yóò parẹ́, ère tí kò ní ojú yóò sì kù sí i lọ́wọ́. Nítorí náà, dídán ní ibi tí ó ń parí sí. Lọ́dọ̀ àwọn olórìṣà Ọ̀ṣun, ẹ̀wẹ̀, fífọ idẹ kì í parí. Oríkì òrìṣà náà kò yé mẹ́nu ba idẹ fífọ̀, bí idẹ bá sì ti ṣú ni wọ́n tún ń gbé e sí omi, nítorí pé idẹ tí ó ń dán jẹ́ àmì pé àwọn tí ó ń tọ́jú ojúbọ náà ṣì wà láàyè. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil pẹ̀lú, ọ̀pá funfun tí òrìṣà Òṣàlá ń tẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlì funfun tí wọ́n ń mú kí ó dán fún àjọ̀dún rẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí, ó sì jọ pé wọ́n ta ko ara wọn: ọ̀kan ní kí ọwọ́ dúró, èkejì ní kí ọwọ́ má dúró.

Ọ̀rọ̀ náà "ìwà" ni ó lè so wọ́n pọ̀. Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ nípa Ifá, ti ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwà pẹ̀lẹ́ pé láti ara "wà" ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, tí ìwà fi túmọ̀ sí wíwà kí ó tó túmọ̀ sí ìṣesí. Bí àwọn Yorùbá bá wá ní ìwà lẹwà, ohun tí wọ́n ń sọ kọjá pé ọmọlúàbí sàn ju arẹwà lọ. Wọ́n ń sọ pé ẹwà ohunkóhun ni pé kí ó wà bí ó ti yẹ kí ó wà. Lójú ọ̀rọ̀ yìí, ẹwà ríìmù alumíníọ̀mù kò sí nínú ìhòòhò rẹ̀, nítorí pé kò wà ní ìhòòhò rí. Ó wà nínú pé kí ojú rẹ̀ tẹ́jú kí awọ rẹ̀ sì pé. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni títẹ́jú. Awọ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, fúnra rẹ̀ ni ó ń hù, kò sì sí oníṣẹ́ tí ó lè yára tó láti dí i lọ́wọ́. Bí àwọn ọmọ lẹ́yìn Kristi bá ń wá àpèjúwe oore-ọ̀fẹ́, ìyẹn ohun rere tí ènìyàn ń rí gbà láìṣiṣẹ́ fún un, èyí yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò: ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ó ń gé, ó ń rà, ohun tí ó sì ń pa iṣẹ́ náà mọ́ ń dé láìjẹ́ pé ọwọ́ pè é.

Ẹnì kan lè béèrè pé bí awọ náà bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó ń mú ríìmù ṣú, kí sì ni ìdí tí a fi ń dán an? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kì í ṣe awọ ni ó ń mú un ṣú. Òkúta wẹ́wẹ́ ojú ọ̀nà ń ha á. Iyọ̀, yálà ti etí òkun tàbí èyí tí wọ́n ń dà sórí yìnyín ní ilẹ̀ òtútù, ń lu awọ náà ní ihò kéékèèké, ó sì ń gbẹ́ mẹ́tàlì nísàlẹ̀. Omi tí ó bá sì kan ju bí ó ti yẹ lọ ń yọ́ awọ náà dànù. Nígbà tí ojú bá ti rí gbágungbàgun, ìmọ́lẹ̀ tí ó bà lé e yóò fọ́n káàkiri dípò kí ó padà lójú kan, ojú ènìyàn yóò sì pe èyí ní ṣíṣú. Ìgbà náà ni dídán ní iṣẹ́ láti ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ ibi gíga di pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ó sì wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí ń ba ojú ríìmù jẹ́ kò tilẹ̀ ti ara rẹ̀ wá. Nígbàkígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, páàdì máa ń fún àwo irin tí ó ń yí pẹ̀lú táyà, irin náà sì máa ń jẹ, iyẹ̀ rẹ̀ gbígbóná ń fò lọ bá ojú ríìmù, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń dípẹtà síbẹ̀. Pípọ́n rúsúrúsú tí ó máa ń hàn lójú ríìmù alumíníọ̀mù jẹ́ ìpẹtà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìpẹtà aládùúgbò ni. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Ẹ wo iye ènìyàn tí ó ń fi ìwé oníyanrìn ha ara wọn lórí ẹ̀bi tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn, tí ó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ọ̀rọ̀ àwọn mìíràn ni ó ti ta sí wọn lójú! Ọṣẹ jẹ́jẹ́ àti omi ń mú iyẹ̀ náà lọ bí a bá tètè fọ̀ ọ́, nígbà tí ríìmù bá ti tutù, lábẹ́ ibòji. Bí a bá jẹ́ kí ó pẹ́ kí ó tó rí omi, ó ń jẹ wọlé, ó sì lè ṣòro láti yọ ọ́ láìmú lára ríìmù dání.

Fífọ̀ àti dídán yàtọ̀ síra, ibí sì ni ìyàtọ̀ náà ti ṣe kókó jù. Fífọ̀ ń mú ohun tí kì í ṣe ti ríìmù lọ, ó sì ń fi ríìmù sílẹ̀. A lè ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àní lójoojúmọ́, kò sí ohun tí ó ń dínkù. Dídán ń mú ríìmù fúnra rẹ̀ lọ, kò sì yẹ ní ṣíṣe àfi nígbà tí fífọ̀ kò bá ran ọ̀rọ̀ náà mọ́. Shenxiu tọ̀nà bí ó bá jẹ́ pé fífọ̀ ni ó ní lọ́kàn, ó sì ṣìnà bí ó bá jẹ́ dídán. Bákan náà ni àwọn olórìṣà Ọ̀ṣun àti agbẹ́gilére kò ta ko ara wọn, nítorí pé ọwọ́ tí kò gbọ́dọ̀ dúró ni ọwọ́ tí ń fọ ohun tí ó ti ní ojú, ọwọ́ tí ó gbọ́dọ̀ dúró sì ni ọwọ́ tí ń gé. Ẹni tí ó bá ń fọ ríìmù rẹ̀ déédéé, tí ó sì ń fi epo ìdáàbòbò tín-ín-rín kan pa á lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, kò ní ní ìdí púpọ̀ láti dán an.

Àwọn ìyá nílẹ̀ Yorùbá ti ní ìrírí ìyàtọ̀ yìí lórí ìkòkò tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí ìkòkò alumíníọ̀mù wọ ilé ìdáná tí ó sì gba ipò ìkòkò amọ̀, eérú àti iyanrìn ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ha èéfín ìdí rẹ̀, ìdí ìkòkò náà yóò sì funfun, inú ìyàwó ilé yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n omi eérú, tí ó jẹ́ ohun tí a fi ń se ọṣẹ dúdú, wà lára ohun tí ń yọ́ awọ alumíníọ̀mù, iyanrìn sì ń gé ohun tí eérú bá ti ṣí sílẹ̀. Kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu pé ìkòkò tí ó funfun jù ní agboolé ni ó máa ń kọ́kọ́ fẹ́lẹ́ títí tí ó fi lu. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ibi ìfọkọ̀ lónìí tún burú ju èyí lọ. Àwọn kan ń da ásíìdì sórí ríìmù kí ó lè funfun ní ìṣẹ́jú kan, ásíìdì tí wọ́n ń pè ní hydrofluoric sì lè wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, èyí tí ó ń gba awọ ọwọ́ ènìyàn wọlé dé egungun kí ẹni náà tó mọ̀ pé òun ti farapa. Ọmọdé tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìwọ ìbọ̀wọ́ ni ó ń san owó dídán náà. Kò sí ríìmù tí ó níyì tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì mọ̀ tí ó tún gbà kí wọ́n ṣe é sí ọkọ̀ òun jẹ̀bi.

Èyí mú ọ̀rọ̀ dé ibi ẹni tí a ń torí rẹ̀ dán nǹkan. Fáàrí wà nínú rẹ̀, kò sí àní-àní, a sì rí ọkọ̀ tí ríìmù rẹ̀ ń dán yanran tí bíréèkì tí ó wà lẹ́yìn ríìmù ọ̀hún sì ti jẹ tán. Irú dídán bẹ́ẹ̀ kò ní ìwà nínú. Síbẹ̀, kò tọ̀nà kí a ka gbogbo ẹni tí ó kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé sí onífáàrí. Ojú tí a dán máa ń sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀: ibi tí ó ti la, ibi tí ó ti fẹ́ ṣẹ́, ibi tí òkúta ti lù ú, gbogbo rẹ̀ ni ó ń hàn lára rẹ̀, nígbà tí ọ̀dà lè bo ibi tí ó ti la mọ́lẹ̀ títí di ọjọ́ tí ríìmù yóò fọ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ríìmù rẹ̀ ń fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì mọ ohun tí ẹlòmíràn kò mọ̀ nípa ohun tí ẹ̀mí rẹ̀ gbára lé lórí eré. Ìtọ́jú di ìmọ̀ lọ́nà yìí, ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé.

Alumíníọ̀mù kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kì í dán. Ní December 6, 1884, nígbà tí mẹ́tàlì náà ṣì wọ́n bí fàdákà, wọ́n gbé ṣóńṣó kékeré kan tí wọ́n fi í dà, tí ìwúwo rẹ̀ kò pé kílógíráàmù mẹ́ta, sí ṣóńṣó orí ilé ìrántí George Washington ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí mítà 169 sókè ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn méjì tí ó túmọ̀ sí "Ìyìn ni fún Ọlọ́run" wà ní ìhà rẹ̀ tí ó kọjú sí ìlà oòrùn, ibi tí ojú ẹni tí ó wà nílẹ̀ kò lè dé. Àrá ti sán lù ú lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ti mú kí ẹnu rẹ̀ kújú, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, òun náà sì wà níbẹ̀ títí di òní.